Èwo Nínú Linux Ni Kí Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Mú?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn náà kì í ṣe títí ayé. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 kò tìtorí èyí kú o. Yóò ṣì máa tàn, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò yòówù tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tí yóò bá olówó rẹ̀ dí i. Microsoft ní kí oníbàárà máa bọ̀ lórí Windows 11, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Windows 11 ń béèrè RAM 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB, ẹ̀rọ ààbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 2018 síwájú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń lò, láti Ìkẹjà títí dé Kútọnu, ló ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wọn ṣì le koko, bátìrì nìkan ló ń ṣe wọ́n bákan, síbẹ̀ Windows 11 ní òun kò bá wọn da nǹkan pọ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ Linux fi wá ń jáde lẹ́nu àwọn tí kò bìkítà fún un tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé e, pé fáírọ́ọ̀sì kì í dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá a, wọn kò sì bá Linux kan ṣoṣo níbẹ̀. Ubuntu, Mint, Debian, Fedora, Zorin, Manjaro, MX, Arch, openSUSE. Wọ́n ju igba lọ, olúkúlùkù ló sì ní ẹni tó ń búra pé òun ló dára jù. Ẹlòmíì á ka àríyànjiyàn yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, á sì padà sórí Windows rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Lójú tèmi, ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ni kò dára. Kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má béèrè èyí tó dára jù. Kó béèrè pé: ta ni yóò máa tún un ṣe, ọdún mélòó ni yóò fi máa tún un ṣe, ṣé àwọn èèyàn tó ń lò ó pọ̀ tó tí n óò fi rí ẹni bi léèrè, ṣé ó sì bá kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi yìí mu? Bí èèyàn bá fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ̀ wọ́n wò, ohun tó ju igba lọ yóò dín kù sí méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó ń darí rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí bọ́tìnnì, ojú gíláàsì, ibi ìpamọ́ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Windows jẹ́ ọ̀kan, ti Microsoft ni. Ẹni tó bá rà á, ẹ̀tọ́ láti lò ó nìkan ló rà, kò lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ọdún 1983, Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT nígbà náà, kéde pé òun fẹ́ kọ odidi ètò kan tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí wọ́n lè tú wò, tí wọ́n lè tún ṣe, tí wọ́n sì lè fún ẹlòmíì láìtọrọ àyè. Ó sọ iṣẹ́ náà ní GNU. Ọdún ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti yanjú, àmọ́ apá tó ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà kò tíì délẹ̀. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kọ irú apá bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ni Linux. Ní ọdún 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí Stallman ti ṣe sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GPL. Ohun tí ìwé àṣẹ náà sọ kò le: lò ó, tú u wò, tún un ṣe, pín in, àmọ́ bí o bá pín èyí tí o tún ṣe, ìwọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó gbà á rí kóòdù rẹ̀ bí a ti jẹ́ kí o rí i. Kì í ṣe ohun ìṣeré o. Linux ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017 sì ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lágbàáyé, lórí àkọsílẹ̀ Top500, ti ń lo Linux láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Bí kóòdù bá ti wà ní gbangba, kò sí ohun tó ní kí ẹnikẹ́ni má mú un, kó fi ohun tó wù ú kún un, kó sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ohun tó sọ Linux di púpọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà síra tó bí orúkọ wọn ṣe pọ̀. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní ọdún 1993. Orí Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó ti fi owó ara rẹ̀ lọ sí gbalasa òfurufú ní ọdún 2002, gbé Ubuntu kà ní ọdún 2004. Orí Ubuntu ni Clement Lefebvre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Linux Mint kà láti ọdún 2006, orí Ubuntu náà ni Zorin àti Pop!_OS wà. Ìdílé kan ṣoṣo nìyẹn. Ohun tí ojú máa ń rí gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ láàárín wọn, ìyẹn ibi tí àwọn áàpù tò sí, àwọ̀ fèrèsé, bí bọ́tìnnì ṣe rí, kì í ṣe ara ìpìlẹ̀ rárá. GNOME, KDE Plasma, Cinnamon àti Xfce ni orúkọ àwọn ojú yẹn, ẹ̀yà Linux kan náà sì lè gbé èyíkéyìí nínú wọn wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yan Linux ń ṣe bí ẹni tó fi ọ̀dà ra mọ́tò tòkunbọ̀. Ẹni tó mọ mọ́tò rà á kọ́kọ́ béèrè bóyá mẹkáníìkì àdúgbò mọ irú ọkọ̀ náà, bóyá páàtì rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ọ̀dà ṣeé kùn nígbàkugbà. Àwọn mìíràn tún máa ń tọ́ka sí DistroWatch, ojúewé tó ń to àwọn ẹ̀yà Linux ní ipò kìíní, kejì, kẹta. Ohun tó ń kà ni iye ìgbà tí àwọn èèyàn ṣí ojúewé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Iye àwọn tó ń lò ó kọ́ nìyẹn, DistroWatch alára kò sì pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí pé ọjọ́ orí àti ìtọ́jú ló ṣe pàtàkì jù wà káàkiri. Antergos gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ ọ̀nà ìrọ̀rùn dé Arch. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 àwọn tó ń ṣe é kéde pé àyè kò gbà wọ́n mọ́, ó sì parí síbẹ̀. Èèyàn lè ní àwọn ọmọdékùnrin mélòó kan nìyẹn, wọn kò lówó lọ́wọ́. Ó dáa, Intel ńkọ́? Clear Linux jẹ́ ti Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà fún ayé, ó sì yára bí àṣá. Ní oṣù Keje ọdún 2025 Intel dá a dúró lójijì, wọ́n ní kí àwọn tó ń lò ó wá ibòmíràn gbà. CentOS 8 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun àwọn èèyàn jù. Wọ́n ti sọ fún wọn pé wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2029. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2020, Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kéde pé ìparí ọdún 2021 ni òpin. Àwọn tó ti gbé iṣẹ́ lé e lórí nítorí ọdún gígùn yẹn ni wọ́n wá ń sá kiri. Ẹ wá wo Debian ní ẹ̀gbẹ́ kejì: kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ni ín, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é, wọ́n ń dìbò yan olórí wọn, ó sì ti ń bá a bọ̀ láti 1993 láìdáwọ́ dúró. Owó nìkan kọ́ ló ń mú ẹ̀yà kan pẹ́ láyé. Ohun tó ń mú un pẹ́ ni iye ọwọ́ tó wà lára rẹ̀, àti iye ẹlòmíì tó ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí tí wọn kò ní jẹ́ kó wó.

Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí mo sọ yìí gan-an ló dẹ́rù ba òun: bí nǹkan kò bá lólówó, ta ni a óò mú bó bá bàjẹ́? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé ìròyìn CentOS. Nítorí pé kóòdù wà ní gbangba, kò pé ọdún kan tí àwọn ẹlòmíì fi gbé AlmaLinux àti Rocky Linux jáde ní ọdún 2021, wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ láti ibi tí wọ́n bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọdún 2010, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ OpenOffice kò fọkàn tán ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n kó kóòdù náà, wọ́n sọ ọ́ ní LibreOffice, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lónìí. Ta ni ó lè gbé Windows 10 báyìí kó máa bá a lọ? Kò sí. Olówó rẹ̀ wà, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì ní ó tó. Nítorí náà, àìlólówó kan ṣoṣo kò túmọ̀ sí àìnítọ̀ọ́jú. Ohun tó yẹ kí a sá fún ni ẹ̀yà tí èèyàn méjì péré ń ṣe, tí kò sì sẹ́lòmíì tó ń wò ó.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tó ń fúnni nímọ̀ràn kì í sábà là yé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan máa ń yí padà lójoojúmọ́: bí ohun tuntun bá ṣe ń jáde ni wọ́n ń dà á sórí kọ̀ǹpútà. Arch jẹ́ bẹ́ẹ̀, Manjaro tó jáde lára rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Fedora kì í yí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń gbé tuntun jáde, ìtọ́jú èyí tó ti jáde kì í sì í ju nǹkan bí oṣù 13 lọ. Ubuntu ní tirẹ̀ máa ń gbé irú kan jáde ní ọdún méjì méjì tí wọn yóò fi ọdún márùn-ún tọ́jú. LTS ni wọ́n kọ sí i lára. Ti oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ubuntu 24.04, yóò gba àtúnṣe títí di ọdún 2029. Linux Mint 22 tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí rẹ̀ náà dé 2029. Fún ẹni tó ń gbé ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí ó sì ń ra dátà ní gígì gígì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yà tó ń yí lójoojúmọ́ ń jẹ dátà, bí iná bá sì lọ lójijì níbi tó ti ń pààrọ̀ àwọn fáìlì pàtàkì lórí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kò dá dúró mọ́, ó lè kọ̀ láti tàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò yóò tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ pé Linux ti ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Àwọn olólùfẹ́ Arch yóò ní ìwé ìtọ́sọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn ló kún jù, òótọ́ sì ni. Àní àwọn tó ń lo ẹ̀yà mìíràn ń lọ kà á. Àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ orúkọ ohun tó bàjẹ́, ibo ni yóò ti ṣí ìwé náà?

Ìdájọ́ tèmi ni pé kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń bọ̀ láti orí Windows mú Linux Mint. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló dé tí kò fi jẹ́ Ubuntu, nígbà tó jẹ́ pé lára rẹ̀ ni Mint ti jáde. Ìdí mi kò pọ̀. Fáìlì Mint tí èèyàn yóò gbà sílẹ̀ kò ju bíi 3GB lọ, ti Ubuntu 24.04 sún mọ́ 6GB. Mint ń béèrè RAM 2GB ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló dáa, àti àyè 20GB. Ojú Cinnamon rẹ̀ ní bọ́tìnnì ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì bí Windows àtijọ́, ọwọ́ èèyàn yóò sì mọ ibi tó ń lọ láìsí ẹ̀kọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó gan-an, Mint tó ní ojú Xfce fúyẹ́ jù ú lọ. Ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Timeshift, tó lè ya ipò tí ètò kọ̀ǹpútà wà sílẹ̀ kí àtúnṣe tó wọlé, kí èèyàn lè dá a padà sí àná bí nǹkan bá yíwọ́. Ubuntu kò burú. Ilé-iṣẹ́ Canonical wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ti ń lò ó, kí èèyàn lo ohun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lò. Àǹfààní ìdílé kan náà sì ni pé ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Ubuntu ló ń ṣiṣẹ́ lórí Mint. Kìkì ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ pátápátá, tó ń lo ọpọlọ 32-bit, ni èyí kò kàn: Ubuntu àti Mint ti kọ irú wọn sílẹ̀, Debian pàápàá kò ṣe èyí tí wọn lè fi sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ́ láti Debian 13 tó jáde ní ọdún 2025. Ẹni náà lè yẹ antiX wò, tàbí kó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi.

Àtakò tó lágbára jù kò sí lára Linux rárá, ara iṣẹ́ tí èèyàn ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ló wà. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè àti bánà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, CorelDRAW ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Òǹṣirò owó ń lo ètò tí wọ́n kọ fún Windows nìkan. Ayàwòrán ń lo Photoshop. CorelDRAW, Photoshop àti Word tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà kò ní Linux tiwọn. Àwọn arọ́pò wà, Inkscape, GIMP, LibreOffice, wọ́n sì lágbára, ṣùgbọ́n irọ́ ni ẹni tó bá ní wọn kò yàtọ̀ ń pa. Ìwé Word tó ní tábìlì tó dijú lè yí ìrísí padà bí LibreOffice bá ṣí i, fáìlì CorelDRAW tó sì ti pẹ́ lè má ṣí dáadáa nínú Inkscape. Ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ètò yìí, kó má fi Windows sílẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ. Ó lè fi méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kó máa yan èyí tó fẹ́ nígbà tó bá tàn án.

Ìtàn ibi méjì ní Yúróòpù là á yé wa bó ṣe lè lọ. Ìgbìmọ̀ ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní ọdún 2003 láti kó kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà lọ sórí Linux. Wọ́n ṣe ẹ̀yà tiwọn, wọ́n pè é ní LiMux, nígbà tó sì fi di ọdún 2013 wọ́n ti gbé nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà bọ́ sórí rẹ̀. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ kan náà dìbò pé kí wọ́n padà sórí Windows. Àwọn kan ní òṣèlú ló fà á, àwọn mìíràn ní àwọn ètò tí kò bá Linux mu àti ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ́fíìsì mìíràn ló sú òṣìṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ló jọ wà níbẹ̀. Ní Faransé, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Gendarmerie gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan Windows. Ní ọdún 2005 wọ́n fi OpenOffice rọ́pò ètò ìkọ̀wé, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n mú Firefox àti Thunderbird wọlé fún íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà, gbogbo ìyẹn sì jẹ́ lórí Windows síbẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti mọ̀ wọ́n, ní ọdún 2008, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ubuntu sí ìsàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá kọ̀ǹpútà wọn ló ń lò ó títí di òní. Mo rò pé ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì nìyẹn: ní ọjọ́ tí Windows kúrò, ohun tí òṣìṣẹ́ ń fojú rí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹnì kan péré nínú yàrá rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. LibreOffice, GIMP, Inkscape, Firefox, VLC, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ọ̀fẹ́ sì ni. Kó lò wọ́n fún oṣù mẹ́ta. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń lọ, Linux kò ní ṣòro fún un mọ́; bí kò bá lọ, ó ti mọ̀ láìba nǹkan jẹ́.

Àtakò kan wà tí àwọn aládùúgbò wa máa ń fi ẹ̀rín sọ: Windows náà kúkú jẹ́ ọ̀fẹ́ níhìn-ín. Bí èèyàn bá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe, wọ́n á bá a fi Windows àti Office tí wọ́n ti kírákì sí i, owó iṣẹ́ nìkan ni yóò san. Mi ò ní wàásù lórí olè jíjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó já àgádágodo yẹn kò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò tí wọ́n fi ń kírákì Windows máa ń ní kí a kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kí òun tó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó ń ní àṣẹ lórí ohun gbogbo nínú ẹ̀rọ. Orí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni èèyàn yóò ti ṣí báńkì rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbàgbọ́ pé ewu kò sí ní ẹ̀gbẹ́ Linux. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2016, àwọn kan já wọ ojúewé Linux Mint fúnra rẹ̀, wọ́n yí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba Mint 17.3 Cinnamon sílẹ̀ padà, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí rọ́pò rẹ̀. Lefebvre ló fúnra rẹ̀ jáde sọ ọ́ fún gbogbo ayé láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó gba fáìlì náà ní ọjọ́ yẹn lè mọ̀ bóyá òun ti bọ́ sínú páńpẹ́ bó bá fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wé èyí tí Lefebvre gbé jáde. SHA256 ni wọ́n ń pè é lónìí. Ó wà lójúewé ìgbàsílẹ̀, Windows àti Linux ní àṣẹ kúkúrú tí a fi ń ṣírò rẹ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tí mo fẹnu bà yìí náà ń dẹ́rù ba àwọn kan, wọ́n ti rí àwòrán fèrèsé dúdú tí wọ́n ń kọ èdè àjèjì sí, wọ́n sì rò pé Linux kò ju ìyẹn lọ. Lórí Mint, èèyàn lè lo ọdún kan láìṣí fèrèsé náà. Ibi tí a ti ń mú áàpù wà níbẹ̀ bí ti fóònù. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ẹ da àṣẹ kan síbẹ̀, tí ẹ kò sì mọ ohun tó ń ṣe, ẹ bi ẹlòmíì kí ẹ tó tẹ Enter, pàápàá bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára lórí ohun gbogbo nínú ẹ̀rọ.

Gbogbo àríyànjiyàn yìí ni fíláàṣì kan lè parí, èyí ló sì yà mí lẹ́nu jù pé àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í kọ́kọ́ gbọ́. Linux lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Fíláàṣì 8GB tó. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Rufus tàbí balenaEtcher ni yóò kọ fáìlì Mint sórí rẹ̀, yóò sì nu gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì náà nù, kí ẹ ti kó wọn kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì tẹ F12, F9 tàbí Esc, ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, títí tí yóò fi béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kó gbà tàn. Mint yóò yọjú. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ nǹkan wò: ṣé Wi-Fi ń mú? Àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi kan tí Broadcom tàbí Realtek ṣe máa ń ṣe agídí. Ṣé ohùn ń jáde, ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dá a mọ̀, bí ẹ bá pa ojú kọ̀ǹpútà dé tí ẹ sì ṣí i, ṣé ó jí padà? Ẹ ṣí ìwé tí ẹ máa ń kọ jù nínú LibreOffice tó wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi ètò kííbọ́ọ̀dù, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ ó bá Yorùbá níbẹ̀, ẹ gbìyànjú láti kọ orúkọ yín pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀. Yóò falẹ̀ díẹ̀, torí orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe bí yóò ṣe rí nìyẹn bó bá wọ inú ẹ̀rọ.

Bí Wi-Fi bá kọ̀ tí ẹ kò sì rí ẹni tó lè bá yín yanjú rẹ̀, ẹ má fi sórí kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ kọ Ubuntu tàbí Zorin sórí fíláàṣì kan náà kí ẹ dán ìyẹn wò. Bí ohun gbogbo bá ṣiṣẹ́, ẹ kó àwọn fọ́tò àti ìwé yín sí ibòmíràn tí kò sí lára kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún tàbí kí jẹnẹrétọ̀ wà ní tòsí, kí ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Install" sí.